Tìmùtìmù Pupa Létí Ìyálé Mi

Ràṣídà, jókòó dáadáa, kí o sì kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má fi ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kún un. Ìwọ lo ní kí n sọ irú ẹni tí ìyá bàbá rẹ jẹ́, kí o lè kà á sétí ẹbí níbi àdúrà ogójì ọjọ́. Ó dáa. Irọ́ tó wà nílẹ̀ ti tó, n kò ní fi tèmi kún un.

Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀. Ọ̀kan ní kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Òmíràn ní ọwọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí. Ẹni kẹta dìde, obìnrin tí ìyálé mi ti fi ìgbálẹ̀ lé kúrò nídìí ẹ̀rọ ìlọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú mi, ó ní ohùn olóògbé tutù bí omi àmù. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo ní àbí òkú ẹlòmíràn ni wọ́n gbé wá sílé wa? Ẹni tí wọ́n ń sọ yẹn, bí mo bá pàdé rẹ̀ lọ́nà Bàsílà, n kò ní kí i, torí n kò mọ̀ ọ́n.

Tèmi ni mo mọ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí a fi jọ gbé agboolé kan ní Manigri, òun ìyálé, èmi ìyàwó, ọkọ kan ṣoṣo láàárín wa bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Ọ̀rọ̀ kan wà, nípa etí ọ̀tún rẹ̀, tó yẹ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀ fún un kó tó lọ. N kò jẹ́wọ́. Nítorí rẹ̀ ni mo fi gbà fún ọ lónìí. Bí mo bá ń rìn yí i ká kí n tó débẹ̀, fara dà á. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, egungun mi sì ti gbó.

Gbogbo ìlú ló mọ ibi ẹ̀rọ ìlọ̀ rẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà ńlá, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń dẹwọ́ eré. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé gbodo wá, iṣu gbígbẹ wa, kí ó lè di èlùbọ́. Ẹ̀rọ náà ń mu gásóòlù, ó sì ń ké bí ẹni tí olè jà lójú ọjà. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, ewúrẹ́ pàápàá á gbéra. Ìyálé mi nìkan ló lè jókòó tì í láti òwúrọ̀ títí di àdúrà ìrọ̀lẹ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju bàbá àgbà yín lọ, kò sì fi í bò fún bàbá àgbà yín. Lójú rẹ̀ gan-an ló ti ń sọ ọ́, nígbà tí ọkùnrin náà bá ń béèrè oúnjẹ ọ̀sán lórí ẹní: "Ẹ̀rọ tèmi yìí, bí mo bá bọ́ ọ, ó máa ń ṣiṣẹ́."

Bàbá rẹ, Sálífù, ló mú kásìkì wá fún un láti Parakú. O mọ̀ ọ́n, nǹkan dúdú tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń gbé ka orí bí adé, tó ń bo etí méjèèjì, tí orin ń gbà wọlé. Sálífù ní kí ìyá òun máa fi gbọ́ wáàsí nínú pọ́tábù, fóònù alágbèéká rẹ̀. Ìyálé mi fa okùn rẹ̀ wò títí dé orí, ó sì ki orí okùn náà bọ ìdí ìró. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú. Kò gbọ́ wáàsí kan, kò gbọ́ orin kan nínú rẹ̀. Tìmùtìmù méjèèjì tó wà níbi etí ló wù ú. Ó ní bí òun bá ti fi wọ́n bo etí, ariwo ẹ̀rọ á dà bí ẹni tó ń gúnyán nílé kẹta.

Àwọn obìnrin tó ń ti Pénéssoulou bọ̀ rí i lọ́jọ́ kan, àgbàlagbà tó gbé kásìkì lé orí gèlè, wọ́n ń bi ara wọn bóyá ìjọba ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní kí ó tú wọn sílẹ̀ nínú àìmọ̀. Ó ní: "Fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá rò pé mò ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ kì í bá mi jà lórí ta ló kàn."

Kì í ṣe eré lásán ni kásìkì náà. Etí rẹ̀ ti ń hó tipẹ́. Mo tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Bàsílà. Ọmọkùnrin náà tan iná wo ihò etí méjèèjì, ó ní ariwo ẹ̀rọ ń jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀. Bí a bá bò wọ́n dáadáa, èyí tó kù á kù. Bí a kò bá bò wọ́n, wọ́n á lọ tán, wọn kò sì ní padà. Ó tún ní kí màmá fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ìyálé mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Nígbà tí a dé ìta, ó ní: "Kí n fi ẹ̀rọ sílẹ̀, kí n wá fi etí gbọ́ kí ni? Ìwọ?"

O lè máa rò ó pé kí ló kan ìyàwó nínú etí ìyálé. Jẹ́ kí n sọ fún ọ.

Nígbà tí bàbá àgbà yín kú, ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní, Ràmátù, ó sì ti wà nílé ọkọ ní Kùtọnù. Àbúrò ọkọ wa, Bàbá Mùmúní, ẹni jẹ́jẹ́, ẹni tí kì í gbé ohùn sókè, wo yàrá mi, ó rí i pé ó gbẹ dáadáa. Kàjú tó bá kó síbẹ̀ kò ní bu. Aṣọ ọ̀fọ̀ kò tíì pẹ́ tí mo bọ́ tí wọ́n fi pe ìpàdé ẹbí. Wọ́n fẹ́ kí n padà sílé bàbá mi ní Pénéssoulou, kí n lọ "sinmi." Bàbá mi ti kú tipẹ́. Orí ta ni n bá sinmi lé?

Ìpàdé kò lè wáyé láìsí ìyálé mi, àgbà obìnrin ilé. Ó wá. Ó ti ibi ẹ̀rọ bọ̀, èlùbọ́ funfun lójú, kásìkì létí, ó sì jókòó láìyọ ọ́. Nígbà yẹn tìmùtìmù rẹ̀ ṣì tuntun, kò gbọ́ nǹkan kan lóòótọ́.

Bàbá Mùmúní rọ ohùn bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Ìyá wa, a rò pé á dára kí ìyàwó yìí lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀."

"Ẹ pariwo sí i," ni ìyálé mi wí.

"Mo ní kí ó lọ sinmi!"

"Ẹ̀rọ ti ba etí mi jẹ́, àbúrò ọkọ mi. Ẹ pariwo sí i, ẹ má bínú."

Ẹni jẹ́jẹ́ dìde dúró. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, ó ké: "Mo ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú yàrá! Kàjú ni a fẹ́ kó síbẹ̀!"

Ràṣídà, ohùn yẹn dé Bàsílà. Àwọn obìnrin tó ru gbodo dúró lójú ọ̀nà. Onísémìjàn kan tó ń gbé èrò pa ọ̀kadà rẹ̀, ó rò pé olè ni. Ẹnìkan sì béèrè láti ẹ̀yìn ògiri: "Ta ni wọ́n ń lé? Ṣé opó àná yẹn? Nítorí kàjú?" Bàbá Mùmúní gbọ́ ọ, ó wo ẹ̀yìn ògiri, ó sì jókòó bí ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ yọ́.

Ìgbà náà ni ìyálé mi yọ kásìkì. Ó fi etí ìró nù ún, kò kánjú rárá. "Mo ti gbọ́ báyìí," ó ní. "Ará ọ̀nà náà ti gbọ́. Ṣé kí n dáhùn ni, àbí ó tó?"

Ó tó. Nígbà tí mo lọ kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó ń fọ ẹsẹ̀ lọ́wọ́, kò wò mí. Ó ní: "Dìde, o ń dí mi lọ́nà. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ṣeé pariwo, kò ṣeé sọ."

Yàrá tí o jókòó sí yìí tí o ti ń kọ̀wé, etí ló gbà á padà fún mi. Nítorí náà mo ní ìpín nínú etí yẹn.

Má jẹ́ kí n sọ ọ́ di ẹni mímọ́ ṣá. Ahun ni. Bàtà rọ́bà rẹ̀, wáyà ló fi rán an lẹ́ẹ̀mẹta, tí ó bá ń rìn bọ̀, wàá rò pé ẹṣin tó wọ bàtà irin ni. Òòyà rẹ̀ ku eyín mẹ́rin. Mo ra tuntun fún un lọ́jà, ó fi òòyà tuntun náà yá ọmọ ẹlòmíràn. Ó ní: "Eyín mẹ́rin tó. Èmi tó ni ín, mélòó ni mo ní?"

Wàá wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí tìmùtìmù kásìkì bẹ̀rẹ̀ sí gbó. Awọ dúdú òde rẹ̀ ló kọ́kọ́ bó, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn létí àti lẹ́rẹ̀kẹ́ bí èépá ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni inú rẹ̀ di ìyẹ̀fun. Oníbàárà kan rí dúdú tó ń jábọ́, ó gbá èlùbọ́ rẹ̀ mọ́ àyà, ó béèrè bóyá owó ata dúdú náà wà lọ́tọ̀. Ariwo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Etí ń hó padà.

A jọ lọ sọ́jà Bàsílà, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò pọ́tábù. Ó yí kásìkì náà lọ́wọ́ bí ẹni tó di eku mú ní ìrù.

"Màmá, ẹ ra tuntun."

"Kí ló ṣe èyí?"

"Tìmùtìmù rẹ̀ ti jẹrà."

"Mo mọ̀. Tìmùtìmù ni mo wá rà."

"Wọn kì í tà á lọ́tọ̀ níbí, màmá. Odidi ni wọ́n ń tà."

"Bí táyà ọ̀kadà rẹ bá lu, ọ̀kadà tuntun lo máa ń rà?"

Ọkùnrin náà wò mí pé kí n gba òun. N kò gbà á. Ó ní a lè rí i ní Kùtọnù, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ọwọ́ wa, á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n tó odidi. Ìyálé mi gba kásìkì rẹ̀ padà, ó fi bo àyà bí ẹni tí wọ́n bú ọmọ rẹ̀. "Ẹni tó ṣe ohun tí kò ṣeé tún ṣe," ó ní, "kò ní ìyá nílé."

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ilé wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ gé kànìnkànìn, èyí tí a fi ń wẹ̀, ó rán an yí ibẹ̀ ká. Kí ó tó di ọ̀sán, etí rẹ̀ ti pọ́n bí ìdí ọ̀bọ, ariwo sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Ó tu ú. Ó ṣa òwú àràbà, ó kó o sínú ìbọ̀sẹ̀ bọ́ọ̀lù bàbá rẹ àtijọ́. Èyí rọ̀, ó sì gbá ariwo mú. Ṣùgbọ́n ìbọ̀sẹ̀ kò dúró lójú kan. Bí ó bá ti yí orí báyìí, tìmùtìmù kan á wà létí, èkejì á wà lọ́rùn. Ó kù kí a rí ohun tí yóò mú un lẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti wọ̀ ọ́, èmi ọlọ́gbọ́n.

Mo ní: "Ìyálé mi, ẹ gbé e fún mi. Oje igi kàjú á mú un."

"O mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n ṣe?"

Lóòótọ́, gbogbo Manigri ló mọ̀ ọ́n ṣe. O máa ṣa oje tó gbẹ lára igi, wàá rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, á sì fà bí àtè. Kò ní ewu kankan. Epo kàjú ni ewu, èyí tó wà nínú èèpo ọmọ rẹ̀. Bí a bá ń yan án, epo dúdú kan ń kán jáde, ẹ̀kán kan ṣoṣo á bó ọwọ́ ènìyàn bí ìgbà tí a bó iṣu sísè. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi eérú pa ọwọ́ kí a tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ ọdún mẹ́fà mọ èyí níbí.

Abọ́ irin kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Òun ni mo fi gbé èèpo kàjú tí a yan ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Mo bu omi gbígbóná sí i, mo rẹ oje sí i. Mo rí dúdú nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní èédú ni. N kò fọ̀ ọ́, Ràṣídà. Mo ń kánjú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ogójì ọdún, èmi ni mo fẹ́ tún nǹkan ṣe nílé yẹn, kí òun dúró máa wò mí.

Ó dúpẹ́. Ó gbé e sétí lọ sídìí ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ kejì, etí méjèèjì wú bí ẹ̀gúsí tí omi wọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, awọ rẹ̀ bó. Kò sí ohun tí a lè fi kàn án, kì í ṣe kásìkì, kì í ṣe gèlè pàápàá. Ìgbà gbodo sì ni, abọ́ tò láti ẹnu ẹ̀rọ dé ojú ọ̀nà. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jókòó sílé. Ó ní: "Gbodo kò mọ̀ pé etí ń dùn mí." Ó lọ bẹ́ẹ̀, etí òfìfo, lójoojúmọ́, títí egbò fi jinná. Etí òsì padà. Etí ọ̀tún kò padà mọ́.

Àwọn ènìyàn ń béèrè kí ló jó o. Bàbá rẹ wá láti Parakú, ó béèrè. Ìyálé mi ní: "Ooru ẹ̀rọ ni." Ó ń wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ń wo ewúrẹ́. Obìnrin tó lè bú mi láti àárọ̀ dé alẹ́ nítorí iyọ̀, kò bú mi nítorí etí. Ì bá rọrùn fún mi ká ní ó bú mi. Bóyá òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku etí kan. Ó wá ojútùú fúnra rẹ̀, kò sì bi mí. Ràmátù ti fi kọ́mú kan ránṣẹ́ sí mi láti Kùtọnù, pupa, ó ní ọnà wẹ́wẹ́ létí, ojú rẹ̀ méjèèjì sì nípọn bí búrẹ́dì. Fún mi! Mo tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, mo ń dúró de ọjọ́ tí mo máa wọ̀ ọ́, bí ẹni pé ọba máa kọjá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan mo bá àpótí ní ṣíṣí. Ọkàn mi ti sọ fún mi. Mo sáré lọ sídìí ẹ̀rọ.

Ó jókòó síbẹ̀. Kọ́mú mi wà létí rẹ̀, ojú kan létí ọ̀tún, ojú kan létí òsì, pupa fòò, ọnà wẹ́wẹ́ ń mì.

"Ìyálé mi! Kọ́mú mi nìyẹn!"

Kò yíjú.

Mo gbá a léjìká. "Mo ní kọ́mú mi lẹ wọ̀ sórí!"

Ó gbé apá kan sókè. "O sọ pé kí ni?"

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ti gbé abọ́ sílẹ̀, ẹ̀rín ti fẹ́ pa wọ́n. Ọ̀kan ní: "Ìyá Ràmátù, ẹ jọ̀ọ́, ọmú ńkọ́?"

Ìyálé mi dá a lóhùn ṣáájú mi: "Ọmú tiẹ̀ kò níbi tó ń lọ mọ́. Etí tèmi ṣì ń lọ síṣẹ́." Ó sì tún un bò padà.

Inú bí mi, mo pa á tì fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin mo mú kásìkì náà wò, torí olóòótọ́ ni mí bí inú bá tiẹ̀ ń bí mi. Iṣẹ́ àgbà ni. Ó fi ẹnu ago fa ìlà yípo sára ojú kọ́mú, ó gé e, ó gé ihò tó gba etí sí àárín. Ó ṣẹ́ etí aṣọ náà po, ó rán an, ó sì ki rọ́bà okùn èjìká kọ́mú náà sínú rẹ̀. Rọ́bà yẹn ló ń fún un mọ́ ara kásìkì, kò nílò oje, kò nílò àtè. Bí ó bá dọ̀tí, yóò yọ ọ́, yóò fọ̀ ọ́, yóò sá a sórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìró rẹ̀. Kò ná kọ́bọ̀. Èmi ni mo ná an.

Etí òsì yẹn kò lọ. Láti ìgbà náà títí dé ìgbẹ̀yìn, ó ń fi gbọ́ ohun gbogbo, pàápàá èyí tí a kò fẹ́ kí ó gbọ́.

Ní òwúrọ̀ tó máa kú, ibà ti mú un dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn aláàánú kún àgbàlá, Bàbá Mùmúní wà níbẹ̀, gbogbo obìnrin ìdí ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo wọlé tọ̀ ọ́. Mo jókòó ní ìhà ọ̀tún rẹ̀, mo tẹ̀ mọ́ etí tó ti kú, mo sọ ọ́ wẹ́lẹ́: "Ìyálé mi, abọ́ yẹn, èmi ni n kò fọ̀ ọ́."

Wo ọgbọ́n mi. Mo jẹ́wọ́ fún etí tí mo ti pa.

Ó la ojú. Ó ní: "Ìyàwó, ìwọ lo ti ilẹ̀kùn ìhà ibẹ̀ yẹn. Bọ́ sí ìhà kejì, kí o pariwo sí i."

Mo dìde, mo lọ sí ìhà òsì. Mo gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn níta, ó sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè mọ ẹni tó ń wúkọ́. Mo la ẹnu. Mo ní: "Ṣé ẹ máa mu ẹ̀kọ?"

Ó wò mí pẹ́. Ó ní: "Ó dáa. Gbé ẹ̀kọ wá."

Kí n tó gbé e dé, ó ti lọ.

Kásìkì náà wà lórí ìṣó ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yìí, pẹ̀lú kọ́mú mi. Àwọn ọmọ ní kí n sọ ọ́ nù. Mo gbé e sétí láná kí n lè gbọ́ ohun tí òun ń gbọ́. Ó ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. N kò gbọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó tán, Ràṣídà. Lọ́jọ́ ogójì, dìde dúró níwájú gbogbo wọn, kí Bàbá Mùmúní jókòó síwájú, kí ilẹ̀kùn ojú ọ̀nà sì wà ní ṣíṣí. Bí o bá ń ka ìyókù, o lè rọ ohùn. Ṣùgbọ́n tí o bá dé ibi tí mo ti ní n kò fọ abọ́ náà, dúró díẹ̀, gba èémí, kí o wá pariwo sí i.